Alágbàtọ́ Tó Di Ọkọ

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìwé ìfẹ́ àti ohun tí àwọn tó ń kà á máa ń sọ nípa rẹ̀. Mo lè kó ogún ìwé jọ kí n sì fọwọ́ ba ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí, ṣùgbọ́n ó wù mí kí a jókòó ti ẹyọ kan, kí a tú u wò dé ìsàlẹ̀. Èyí tí mo mú wá ni Regency Buck tí Georgette Heyer kọ. Ọdún 1935 ló jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn ṣì ń kà á títí di òní, àwọn tó kà á kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Ohun tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ kò pọ̀. Alágbàtọ́ ló fẹ́ ọmọ tí wọ́n fà lé e lọ́wọ́. Àwọn kan kà á, ara wọn yá gágá. Àwọn mìíràn kà á dé àárín, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní inú àwọn ń rú. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ ìhà méjèèjì, mo sì gbà pé àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́ nípa ìwé kan náà. Àmọ́ ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí kọ́ ni ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ayé ibẹ̀ kalẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1811, nígbà tí àìsàn ọpọlọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọba George Kẹta pátápátá, wọ́n fi àrẹ̀mọ rẹ̀ jẹ adelé. Adelé yìí ló di ìlú mú títí ọba fi wàjà ní oṣù kìíní ọdún 1820. Ọdún mẹ́sàn-án péré ni, kò ju ọjọ́ orí ọmọ tó ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn òǹkọ̀wé ìfẹ́ kò tíì jáde kúrò nínú rẹ̀. Jane Austen gbé inú ayé náà, ó sì kọ ohun tó rí. Heyer ní tirẹ̀, wọ́n bí i ní Wimbledon ní 1902, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti di ìtàn. Inú ìwé, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti lẹ́tà àwọn òkú ló ti ṣa ayé náà jọ. Regency Buck ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé rẹ̀ tó fi sáà Adelé ṣe ibùdó, ó sì kọ ọ̀pọ̀ mìíràn tẹ̀ lé e kó tó kú ní 1974. Ọjà tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ó ti kún dẹ́nu báyìí.

Ìtàn náà rèé. Judith Taverner àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Peregrine, pàdánù bàbá wọn. Ọlọ́rọ̀ ni bàbá náà, ó sì kọ ìwé ìhágún tó fi àwọn ọmọ sábẹ́ ìtọ́jú Earl ti Worth. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló ní lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ náà sì ti kú, oyè ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ọkùnrin tí kò tíì darúgbó rárá, tó rẹwà, tó gbéra ga, tí gbogbo London ń wo bó ṣe ń wọṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ náà ṣe já sọ́wọ́ ẹni tí bàbá wọn kò rò.

Wọn kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Wọ́n ń bọ̀ láti Yorkshire, wọ́n dé Grantham, wọ́n bá ìlú tó kún fọ́fọ́, yàrá ṣòroó rí nílé àlejò. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló kó èrò wá. Judith ń fẹsẹ̀ rìn lójú ọ̀nà, òkúta wẹ́wẹ́ kó sínú sálúbàtà rẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó bọ́ ọ. Ọkùnrin kan dé lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò tọrọ àyè. Ó gbé ọmọbìnrin náà, ó sọ ọ́ sínú kẹ̀kẹ́, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n dé London, tí wọ́n lọ kí alágbàtọ́ wọn, ni Judith gbójú sókè, tó rí i pé òun ni.

Kí n tó kúrò ní Grantham, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbé mì. Ìjà tó kó èrò wá yẹn kì í ṣe àròsọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1811, ní Thistleton Gap, Tom Cribb tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti Tom Molineaux dojú kọ ara wọn. Èèyàn dúdú ni Molineaux, ẹrú tẹ́lẹ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba adé lọ́wọ́ Cribb ní oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Cribb fọ́ ọ lágbọ̀n. Molineaux kú ní Galway ní 1818, òtòṣì. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá lọ síbi ìfẹnukonu. Nítorí èèyàn dúdú yìí ni yàrá fi ṣòroó rí fún Judith. Bí kò bá wá sí Thistleton, ìwé náà ì bá má ṣí.

Ó dáa. Kí ni àwọn òǹkàwé ń wí? Àwọn kan ní àdììtú inú rẹ̀, ti ẹni tó ń wá ikú Peregrine, rọrùn jù, pé ẹni náà hàn láti ojú ìwé tó ti kọ́kọ́ yọjú. Òótọ́ ni, mi ò bá wọn jiyàn. Àwọn kan ní òǹkọ̀wé kó ìmọ̀ ìtàn jù, pé aṣọ, ilé, ẹṣin àti àwọn èèyàn olókìkí bíi Beau Brummell, ọ̀gá oge ìgbà náà, pọ̀ débi tí ìtàn fi ń fà. Èmi fẹ́ràn Brummell inú ìwé yìí ju ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ lọ. Òun ló kọ́ Judith pé kò sí ohun tó yẹ kó máa tọrọ àforíjì fún láàárín àwọn aráàlú, ọmọbìnrin náà sì gbọ́: ó ń fín aáṣáà bí ọkùnrin, ó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin gíga gba àárín London kọjá, ó bá àbúrò rẹ̀ sáré ìje lójú ọ̀nà Brighton.

Worth gan-an ni àríyànjiyàn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní kò sí ìgbà kankan tí Judith bẹ̀rù rẹ̀. Ó ń dá a lóhùn, ó ń ta kò ó, ó ń ṣe ohun tó kà léèwọ̀. Wọ́n ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni, ìjà wọn gan-an sì ni adùn ìwé náà. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ máa ń padà sí ìfẹnukonu ojú ọ̀nà. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá fọwọ́ kan obìnrin láìgbàṣẹ ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́, aṣọ rẹ̀ ì báà dára tó góòlù. Mo wà lẹ́yìn wọn lórí èyí. Ṣùgbọ́n tí a bá dúró sórí ìfẹnukonu nìkan, a ó rí i bí àṣìṣe ọkùnrin kan. Òfin ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Láti ọdún 1660, òfin Gẹ̀ẹ́sì gba bàbá láàyè láti fi ìwé ìhágún yan alágbàtọ́ fún ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 21. Ìyá kò ní ohùn níbẹ̀. Ó di 1886 kí òfin tó sọ pé bí bàbá bá kú, ìyá náà jẹ́ alágbàtọ́. Òfin ìgbéyàwó tí Lord Hardwicke gbé kalẹ̀ ní 1753 tún fi kún un: bí ẹni tí kò tíì pé 21 bá fi ìwé àṣẹ ṣe ìgbéyàwó láìsí ìfọwọ́sí bàbá tàbí alágbàtọ́, ìgbéyàwó náà kò fìdí múlẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀dọ́ olólùfẹ́ fi ń sá kọjá ààlà lọ sí Gretna Green ní Scotland, níbi tí òfin náà kò dé. Bí obìnrin bá sì wọlé ọkọ, owó ọwọ́ rẹ̀ di ti ọkọ, àyàfi tí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ti fi ìwé àdéhùn so ó mọ́lẹ̀ ṣáájú. Ó di 1870, ó tún di 1882, kí ilé aṣòfin tó tú okùn yẹn.

Ẹ fi èyí wo Judith. Ìbátan rẹ̀ Bernard Taverner ń fọ̀rọ̀ dídùn bá a sọ̀rọ̀, ó ń ṣe bí ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ òun ló ń wá ikú Peregrine. Bí ọmọkùnrin náà bá kú, ọrọ̀ náà dé ọwọ́ Judith. Bí Bernard bá sì fẹ́ Judith, ọrọ̀ dé ọwọ́ Bernard. Kò nílò kó jí kọ́bọ̀. Òfin ni yóò gbé e fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà yóò sì súre sí i. Heyer kò wàásù lórí èyí, ó kàn fi ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ìtàn.

Ó wá ku Worth. Gbogbo ọkùnrin tó wá tọrọ Judith, títí kan Duke ti Clarence tí í ṣe ọmọ ọba, kò sí èyí tó rí ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó sọ ọ́ gbangba pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá jẹ́ alágbàtọ́, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ ẹ. Judith rò pé owó òun ló ń ṣọ́. Òǹkàwé náà rò bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, tí ìwé ìhágún ti tú u sílẹ̀, ni Worth wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi èyí gbè é: ẹ wò ó, wọ́n ní, kò lo àṣẹ rẹ̀ láti fipá fẹ́ ẹ, ó dúró di ọjọ́ òmìnira rẹ̀. Àlàyé yìí lágbára, Heyer sì mọ̀ pé ó nílò rẹ̀, torí kò jẹ́ kí Worth dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ibi tí kò ti tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ẹni tó dúró dè é ni ó ti di ẹnu ọ̀nà mú fún gbogbo èèyàn yòókù láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, òun nìkan ló kù nínú yàrá. Judith fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, mo gbà. Mi ò ní sọ pé obìnrin kò mọ ọkàn ara rẹ̀. Àmọ́ mo fẹ́ mọ ẹni tí ì bá yàn ká ní wọ́n jẹ́ kó rí àwọn yòókù dáadáa.

Ohun tó wá dùn mí jù, tí àwọn òǹkàwé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, ni ọ̀rọ̀ Peregrine. Worth ti mọ̀ pé wọ́n ń wá ikú ọmọkùnrin náà. Ó ní kí wọ́n jí i gbé, kí wọ́n fún un ní oògùn oorun, kí wọ́n fi í sínú ọkọ̀ ojú omi òun, kí ọ̀tá má bàa rí i. Ète rere ni. Ṣùgbọ́n kò sọ fún Judith. Ọmọbìnrin náà ń wá àbúrò rẹ̀, kò rí i, ó gbà pé ó ti kú. Àwọn tó ń gbè Worth ní bó bá sọ fún un, ojú rẹ̀ ì bá tú àṣírí fún Bernard. Ọmọbìnrin tó dúró níwájú Adelé fúnra rẹ̀ ní Brighton, tó wa ẹṣin mẹ́rin lójú ọ̀nà èrò, kò sí ẹni tó rò pé ó lè pa ojú rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí ẹ̀mí ọmọ ìyá rẹ̀. Níbi yìí ni àgbàtọ́ ti hàn sí mi ní kedere: ẹnì kan mọ, ẹnì kejì kò mọ, ẹni tó mọ sì ni yóò sọ ìgbà tí ẹnì kejì yóò mọ̀.

Kì í ṣe Heyer ló dá irú ìtàn yìí sílẹ̀. Ní 1791, ṣáájú sáà Adelé, Elizabeth Inchbald, òṣèré orí ìtàgé tó di òǹkọ̀wé, tẹ A Simple Story jáde. Àlùfáà Kátólíìkì, Dorriforth, ni alágbàtọ́ Miss Milner. Ọmọbìnrin náà ló kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ogún oyè dé bá Dorriforth, wọ́n tú u kúrò nínú ẹ̀jẹ́ àlùfáà, wọ́n fẹ́ ara wọn. Inchbald kò dúró síbi ìgbéyàwó. Ó fò ọ̀pọ̀ ọdún kọjá: ìyàwó ti ṣe panṣágà, ó ti kú nínú ìtìjú, bàbá kò sì fẹ́ fojú kan ọmọ rẹ̀ obìnrin, Matilda. Ọkùnrin tó jẹ́ alágbàtọ́ kò mọ bí a ṣe ń jẹ́ ọkọ, kò sì mọ bí a ṣe ń jẹ́ bàbá. Àṣẹ nìkan ló mọ̀. Bí mo bá fi ìwé méjèèjì síwájú ẹni tó fẹ́ràn Worth, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ka ti Inchbald tẹ̀ lé e.

Àwa Yorùbá tó ń ka irú ìwé yìí, ara wa máa ń bù máṣọ ní kíá, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó gba ọmọ tọ́ ló jókòó sí ipò bàbá. Òun ni ẹbí ọkọ yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún, òun ni wọn yóò fi lẹ́tà ìtọrọ jíṣẹ́ fún. Bí ó bá di ọkọ, ta ni yóò gba lẹ́tà, ta ni yóò sì fi ránṣẹ́? Alága ìdúró àti alága ìjókòó á di ẹnì kan. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi èyí gbéra ga. Ìtàn ọmọ àgbàtọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó jẹ́ tiwa pátápátá, kò sì sí àròsọ nínú rẹ̀.

Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dahomey kó Òkè-Ọ̀dàn, wọ́n sì mú ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àìná lẹ́rú. Ní 1850, ọba Gezo fi í ta Frederick Forbes, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ fún ọbabìnrin Victoria. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, wọ́n fi orúkọ Forbes àti ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, Bonetta, ṣe orúkọ ìdílé fún un. Forbes kú ní 1851. Ọbabìnrin ló ń san owó ìtọ́jú rẹ̀: ilé ìwé ní Freetown, lẹ́yìn náà ìdílé Schoen ní Kent. Ó mọ orin, ó mọ èdè, ààfin ń pè é, wọ́n ń gbé e jókòó.

Nígbà tó di ọ̀dọ́bìnrin, James Davies, oníṣòwò tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá ní Sierra Leone, wá tọrọ rẹ̀. Ìyàwó Davies àkọ́kọ́ ti kú. Àìná kọ̀. Lẹ́tà tó kọ sí ìyáàfin Schoen wà títí di òní: ó sọ níbẹ̀ pé òun kò fẹ́ràn ọkùnrin náà rárá, owó rẹ̀ kò sì tó ìdí. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ mú un lọ sí Brighton, sílé àwọn obìnrin àgbà kan, Àìná kò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sá lọ sí Gretna Green. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862, wọ́n so ọ́ pọ̀ mọ́ Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, èrò sì tò sójú ọ̀nà láti wò ó. Nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ tó kọ ṣáájú gbogbo orúkọ tí wọ́n fún un ni Ina.

Ìgbéyàwó náà kò burú, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ṣe fi hàn. Wọ́n gbé ní Èkó, wọ́n bímọ, ọbabìnrin gbà kí wọ́n fi orúkọ òun sọ àkọ́bí. Àìná kú ní Funchal ní 1880, ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ìyẹn dá àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ láre, mi ò ní ṣe é. Inú rere wà lọ́wọ́ wọn, mo gbà. Lẹ́tà ọmọbìnrin náà sì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kà á, wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n. Brighton kan náà ni Heyer kó Judith lọ, Brighton àwọn ọba àti àwọn tó ń gbáfẹ́. Ẹni tó ti mọ ti Àìná kò lè ka àwọn ojú ìwé yẹn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣì kù fún ẹni tó bá rò pé Heyer kò fojú tó ìwé rẹ̀. Ní 1937 ó tẹ An Infamous Army jáde, ó gbé ìtàn lọ sí Brussels ní 1815, nígbà tí Napoleon ti padà tí ogun Waterloo sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Judith àti Worth wà níbẹ̀, tọkọtìyàwó tí ara wọn balẹ̀, wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan. Àbúrò Worth, Charles Audley, wà nínú àwọn tó ń ran ọ̀gágun Wellington lọ́wọ́. Judith ti wo ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un, Lucy Devenish, ọmọ jẹ́jẹ́ tó bá a lọ́kàn mu. Kò bi Charles. Kò bi Lucy. Ó ń ṣètò bí wọn yóò ṣe máa pàdé, ó ń ṣe kòkárí ìjókòó, ó ń dúró kí ìfẹ́ hù. Charles wọ yàrá, ó rí Barbara Childe, opó tí ìlú ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára, ó sì kó sínú ìfẹ́ rẹ̀ lójú Judith. Lucy ní tirẹ̀ ti fẹ́ ọkọ níkọ̀kọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sọ fún ẹnì kan.